Àtẹ Ìdíje Ju Orúkọ Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Sáà 2026 Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Yunifásítì Georgia

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní Atlanta)

Alága ìjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wọ pupa àti dúdú wá síbí, ẹ kú ìfẹ́ ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yin díẹ̀ tí ẹ wọ aláwọ̀ ọsàn ti Tennessee náà, mo rí yín, ẹ kú ìgboyà. Gbogbo ilé, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àtẹ ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì Georgia fún sáà 2026, àti lórí ariwo tó gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà kan. Àwọn kan ní àtẹ yìí ti pa wá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kò sóhun tó le níbẹ̀. Àwọn mìíràn ti mú bírò, wọ́n ti kọ "a ó borí" tàbí "a ó pàdánù" sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti rò ó pọ̀, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí àròpọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ka àtẹ? Ṣé orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀?

Kí n má fi èsì falẹ̀. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àtẹ ìdíje ni ẹni tí ẹ máa pàdé, ibi tí ẹ ti máa pàdé rẹ̀, ẹni tí ẹ bá wọ̀yá ìjà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, àti bí alátakò ṣe sinmi tó kó tó kò yín lójú. Ẹni tó ka orúkọ nìkan, ìdajì ló kà. Ohun kejì tí mo gbé wá ni pé àtẹ tó le kò pa Georgia lára rí tó àtẹ tó rọrùn. Ẹ̀rí ń bọ̀.

Ìdí tí àtẹ fi ń dá ariwo sílẹ̀

Púpọ̀ nínú wa níbí, Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la fi mọ bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ 20, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Arsenal yóò gba Chelsea lálejò, yóò sì tún lọ bá Chelsea nílé. Gbogbo wọn ló ń pàdé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì. Tí àtẹ wọn bá jáde, ọjọ́ ló ń sọ fún wa. Ẹni tí a máa pàdé, a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Bọ́ọ̀lù yunifásítì ilẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 péré ni ẹgbẹ́ kan ń gbá kí ìdíje àṣekágbá tó dé. Líìgì SEC (Southeastern Conference) tí Georgia wà ti ní ẹgbẹ́ 16 láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024 tí Texas àti Oklahoma wọlé. Láti 1992 títí di 2025, ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ni ẹgbẹ́ kan ń pàdé nínú líìgì lọ́dún, àfi ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú alátakò 15, méje ni ẹ kò ní fojú kàn lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ kan lè ko alágbára márùn-ún, kí èkejì ko méjì, kí àwọn méjèèjì sì máa du ife ẹ̀yẹ kan náà. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ ló ń pín àǹfààní, ó sì ń pín ìnira pẹ̀lú.

Ẹ wo Texas A&M. Ọdún 2012 ni wọ́n wọ SEC. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kọ́kọ́ pàdé Georgia nínú líìgì, Athens, nílé Georgia, ni wọ́n sì ti gbá a. Títí sáà 2025 fi parí, Georgia kò tíì tẹ pápá ìṣeré Texas A&M gẹ́gẹ́ bí ọmọ líìgì kan náà. Sáà mẹ́rìnlá! Àwọn olólùfẹ́ Texas A&M ti pariwo títí ohùn fi ń ha wọ́n, òtítọ́ ni wọ́n sì ń sọ.

Ìdí nìyẹn tí ìyípadà 2026 fi ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kẹjọ 2025, SEC kéde pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì yóò di mẹ́sàn-án. Alátakò mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án kò ní yí padà lọ́dọọdún. Mẹ́fà yòókù yóò máa yí láàárín ẹgbẹ́ 12 tó kù: mẹ́fà lọ́dún yìí, mẹ́fà lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún méjì, ẹ ti pàdé gbogbo ẹgbẹ́ líìgì. Lọ́dún mẹ́rin, ẹ ti gba gbogbo wọn lálejò, ẹ sì ti lọ sílé gbogbo wọn. Wọ́n tún sọ ọ́ di dandan kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán alátakò ńlá kan láti ìta, yálà nínú àwọn líìgì ńlá yòókù, ACC, Big Ten tàbí Big 12, tàbí kó jẹ́ Notre Dame tí kò sí nínú líìgì kankan. Georgia kò ní wàhálà lórí èyí, nítorí Georgia Tech tó ń gbá nínú ACC ti wà lórí àtẹ wọn tipẹ́.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá? Ó kàn wá. Azeez Ojulari, ọmọ Marietta níbí, Georgia ló gbá bọ́ọ̀lù fún kí New York Giants, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe, tó mú un ní 2021. Àbúrò rẹ̀, BJ, gba LSU lọ, líìgì kan náà. Olusegun Oluwatimi gba Outland Trophy, ẹ̀bùn ẹni tó dára jù láàárín àwọn tó ń gbá ní iwájú gbàgbà, ní Michigan ní 2022. Olumuyiwa Fashanu kúrò ní Penn State lọ sí New York Jets ní 2024. Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ wa ni àtẹ yìí ń gbé káàkiri.

Ohun tó wà nínú àtẹ 2026

Àwọn mẹ́ta tí Georgia kò ní bọ́ lọ́wọ́ wọn ni Auburn, Florida àti South Carolina. Ti Auburn ti wà láti 1892. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Tennessee kò sí nínú mẹ́ta yẹn, ibẹ̀ ni ariwo ti pọ̀ jù. Láti 1992 títí di 2025, kò sí ọdún kan tí Georgia àti Tennessee kò pàdé. Ní 2026, wọn kò ní pàdé. Àwọn olólùfẹ́ Georgia kan ń jó pé alátakò líle kan ti kúrò lọ́nà. Àwọn mìíràn ń bínú, nítorí Georgia ti borí Tennessee nígbà mẹ́sàn-án léra, láti 2017 dé 2025. Mo wà lẹ́yìn àwọn tó ń bínú. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí àwọn èèyàn ti fi sọ́kàn láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó sì ń kún pápá ìṣeré méjèèjì ní àkúnya, kò yẹ kó di ohun tí à ń rí ní ọdún kan, tí a kò ní rí ní ọdún kejì. Bí wọ́n ti ṣe ètò mẹ́ta-mẹ́ta yìí, ó di dandan kí wọ́n pa nǹkan tì, ṣùgbọ́n èyí dunni.

Ní Athens, Georgia yóò gba Auburn, Missouri, Oklahoma àti Vanderbilt lálejò nínú líìgì. Wọn yóò rìnrìn àjò lọ bá Alabama, Arkansas, Ole Miss àti South Carolina. Ti Florida yóò wáyé ní Atlanta wa níbí. Mo máa padà sí i. Ti Georgia Tech yóò wà ní Athens, nítorí ọdún tó bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni Georgia ń gbà wọ́n lálejò.

Ẹ dúró lórí Oklahoma díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Georgia àti Oklahoma pàdé rí, ní Rose Bowl (ọ̀kan nínú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bowl tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn sáà) ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2018, tí Georgia borí 54 sí 48 lẹ́yìn àfikún àsìkò méjì. Ó yẹ kí wọ́n pàdé ní oṣù Kẹsàn-án 2023 ní Norman, nílé Oklahoma. SEC ní kí wọ́n fagi lé e nítorí Oklahoma ti ń bọ̀ nínú líìgì, wọ́n sì fi Ball State dí àlàfo náà. Ẹ fi orúkọ Ball State yìí sọ́kàn fún mi.

Àṣìṣe tó pọ̀ nínú kíkà àtẹ

Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣe é kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ká sọ pé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, Georgia lágbára ju gbogbo alátakò rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá, Georgia yóò borí nígbà mẹ́jọ. Olólùfẹ́ tó mú bírò yóò kọ "a ó borí" sí iwájú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kò purọ́ lórí ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n àròpọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹ gbé fóònù yín jáde, ẹ fi 0.8 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí 0.8 yóò fi pé mẹ́sàn-án. Ẹ máa rí nǹkan bíi 0.13. Ìyẹn ni pé bí a bá gbá irú sáà bẹ́ẹ̀ nígbà 100, nǹkan bíi 13 péré ni Georgia yóò ti borí gbogbo wọn.

Kí ló yẹ ká máa retí, nígbà náà? 0.8 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 7.2. Borí méje, pàdánù méjì. Ẹgbẹ́ tó lágbára ju gbogbo alátakò rẹ̀ lọ ni mo ń sọ o! Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pe ara yín ní 12 sí 0, ẹ̀yin náà lẹ máa wá bú akọ́nimọ̀ọ́gbá Kirby Smart nígbà tí ìpàdánù kejì bá dé. Kí ni ọkùnrin náà ṣe? Bírò yín ló ṣèlérí ohun tí kò sí lórí àtẹ.

Ẹ fi bírò sílẹ̀, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ má kọ borí, ẹ má kọ pàdánù. Ẹ kọ nọ́ńbà sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: nínú ìgbà mẹ́wàá, mélòó la lè borí ẹgbẹ́ yìí, níbi tí a ti máa pàdé rẹ̀? Kí ẹgbẹ́ kékeré láti ìta líìgì gba 9 tàbí 9 àbọ̀. Kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé Alabama gba 5. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fi mẹ́wàá pín in. Iye ìgbà tó tọ́ láti máa retí pé a ó borí nìyẹn. Tí olólùfẹ́ méjì bá ṣe báyìí, iyàn wọn yóò dá lé nọ́ńbà kan pàtó, wọn kò ní máa pariwo léra wọn lórí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí orúkọ ọdún tó kọjá. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ní 2023, ẹ̀ẹ̀mejì ni Vanderbilt borí, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n fìdí rẹmi. Nígbà tí àtẹ 2024 jáde, ta ni kò kọ "a ó borí" sí iwájú Vanderbilt? Àwọn ọmọ Alabama kọ ọ́ láì ronú. Ṣùgbọ́n òfin ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti kó láti yunifásítì kan lọ sí òmíràn kó sì gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀. Vanderbilt mú Diego Pavia wá láti New Mexico State, quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó sì ń darí ìkọlù ẹgbẹ́) tó ti lọ na Auburn mọ́lé 31 sí 10 ní oṣù Kọkànlá 2023. Orúkọ Vanderbilt kò yí padà lórí àtẹ, àmọ́ àwọn tó wà nínú aṣọ ti yí padà. Ní 2026, ó tún yí padà, nítorí Pavia ti parí àkókò tirẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ nọ́ńbà sí iwájú ẹgbẹ́ kankan, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni quarterback wọn báyìí? Ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá kan náà ló wà níbẹ̀? Mélòó ni wọ́n kó wọlé, mélòó ló jáde, pàápàá àwọn tó ń gbá ní iwájú gbàgbà, tí ara wọn wúwo? Tí ẹ kò bá mọ èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìrántí ọdún tó kọjá lẹ ń kọ sílẹ̀.

Mo wá dé ibi tó dùn mọ́ mi jù: bí wọ́n ṣe to ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tẹ̀lé ara wọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2024, Georgia lọ bá Alabama ní Tuscaloosa, lálẹ́. Alabama kọ́kọ́ gba iwájú, Georgia padà wá, ó sì parí sí 41 sí 34 fún Alabama. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara wọn ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, Alabama tó ti di ẹgbẹ́ kìíní ní orílẹ̀-èdè wọ Nashville lọ bá Vanderbilt. Kí ni Vanderbilt ṣe ní ọjọ́ 28 yẹn? Wọ́n sinmi. Nígbà tí Alabama ń bá Georgia já a gbà, Vanderbilt ń wo fídíò Alabama, wọ́n ń múra sílẹ̀. Vanderbilt borí 40 sí 35, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n borí Alabama láti 1984. Àwọn olólùfẹ́ wọn fa òpó ibi àmì ayò tu, wọ́n sì gbé e lọ jù sínú odò Cumberland.

Ṣé Vanderbilt lágbára ju Georgia lọ ni? Rárá o. Ibi tí wọ́n fi Vanderbilt sí lórí àtẹ ló ṣiṣẹ́: lẹ́yìn ogun ńlá, lẹ́yìn odi, níwájú alátakò tó ti sinmi. Tí nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí bá pàdé ní ìlà kan, ìdẹkùn ni, ohun yòówù kí orúkọ tó wà níbẹ̀ jẹ́.

Báwo ni ẹ ṣe máa rí ìdẹkùn lórí àtẹ 2026? Ẹ fa ìlà 13 sórí ìwé, nítorí láti Sátidé 5 oṣù Kẹsàn-án dé Sátidé 28 oṣù Kọkànlá, Sátidé 13 ló wà. Ẹ pín in sí òpó mẹ́rin: ọjọ́, alátakò àti ibi tí a ti máa gbá a, ẹni tí àwa pàdé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, àti ohun tí alátakò ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Òpó kẹrin yìí ni ẹnikẹ́ni kì í kọ, nítorí ó gba kí ẹ ṣí àtẹ àwọn ẹgbẹ́ yòókù wò. Ẹ kọ ọ́. Níbi tí ẹ bá ti rí "wọ́n sinmi" ní òpó kẹrin, tí ẹgbẹ́ ńlá wà ní òpó kẹta, ẹ yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú mẹ́wàá tí ẹ fún wa. Tó bá tún jẹ́ ẹ̀yìn odi, ẹ yọ àbọ̀ sí i. Níbi tó bá jẹ́ àwa la sinmi, ẹ fi àbọ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí ṣe kókó lọ́dún yìí ju ọdún méjì tó kọjá lọ. Ní 2024 àti 2025, Sátidé 14 ló wà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹgbẹ́ fi ń sinmi. Ní 2026, ọ̀kan péré ni. Ẹni tó bá dá lẹ́sẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án lè máà rí àyè tọ́jú ara rẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó dé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì tún ti fi ọ̀kan pọ̀ sí i, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ń bá ẹgbẹ́ kékeré gbá, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń jókòó ní ìdajì kejì kí àwọn ọmọ kékeré lè kọ́ṣẹ́, ti dín kan. Ìsinmi dín kù, ogun pọ̀ sí i. Tí ẹ bá ń wá ohun tó le gan-an lórí àtẹ yìí, ẹ wò ó níbẹ̀, kí ẹ tó wo orúkọ Alabama.

Àwọn ẹgbẹ́ kékeré ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2007, Michigan tó wà ní ipò karùn-ún san 400,000 dọ́là fún Appalachian State kí wọ́n wá gbá bọ́ọ̀lù ní Ann Arbor. Wọ́n gba owó náà, wọ́n sì borí, 34 sí 32. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2024, Northern Illinois ṣe irú rẹ̀ fún Notre Dame, 16 sí 14. Èyí ni mo ṣe ní kí ẹ kọ 9 tàbí 9 àbọ̀ sí iwájú wọn, kí ẹ má kọ 10.

Àtẹ tó rọrùn, àtẹ tó le

Ẹ rántí Ball State? Ní 2023, Georgia ti gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè lọ́dún méjì léra, 2021 àti 2022. Oklahoma kúrò lórí àtẹ, Ball State wọlé. Alátakò tó wá láti ìta líìgì ni UT Martin, Ball State, UAB àti Georgia Tech. Olólùfẹ́ wo ni kò dùn mọ́? Georgia borí Ball State 45 sí 3. Wọ́n borí gbogbo 12. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá SEC, Alabama borí wọn 27 sí 24. Ìpàdánù kan ṣoṣo, àmì ayò mẹ́ta péré. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń mú nígbà náà fún CFP, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì fi Georgia sí ipò kẹfà. Ó parí. Georgia kò ní ìborí ńlá kan láti ìta líìgì tó lè gbé síwájú ìgbìmọ̀ láti fi gbèjà ara rẹ̀.

Ọdún 2024 wá yàtọ̀. Clemson ni wọ́n kọ́kọ́ kò, ní Atlanta níbí. Wọ́n lọ sílé Alabama, sílé Texas, sílé Ole Miss, kí Tennessee tó wá bá wọn. Nígbà tí àtẹ yẹn jáde, ẹkún pọ̀ ju ti ọdún yìí lọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Alabama borí wọn. Ole Miss borí wọn 28 sí 10. Georgia Tech fẹ́ẹ̀ pa wọ́n: àfikún àsìkò mẹ́jọ ló gbà kí Georgia tó borí 44 sí 42. Borí 10, pàdánù 2. Ṣùgbọ́n ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹgbẹ́ tó ti lọ na Texas 30 sí 15 nílé wọn tún borí Texas 22 sí 19 nínú àṣekágbá SEC, lẹ́yìn àfikún àsìkò, wọ́n sì wọ CFP tó ti di ẹgbẹ́ 12. Ìpàdánù méjì, wọ́n wọlé. Lọ́dún tó ṣáájú, ìpàdánù kan, wọ́n wà níta.

Ẹnìkan yóò sọ pé ẹgbẹ́ mẹ́rin ti di 12, ìyẹn ló mú kó yàtọ̀. Ó tọ̀nà, ó kó ipa ńlá. Ẹnìkan yóò tún ní Indiana borí 11 ní 2024 pẹ̀lú àtẹ tí kò le, wọ́n sì wọlé. Wọ́n wọlé lóòótọ́. Wọ́n lọ sílé Notre Dame, wọ́n pàdánù 27 sí 17, ọ̀pọ̀ ló sì sọ pé wọn kò tíì kò ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Mi ò sọ pé àtẹ rírọrùn kò lè gbéni wọlé. Ohun tí mo sọ ni pé ọjọ́ tí o bá pàdánù, kò ní ohun tí yóò fi gbè ọ́.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ oṣù Kẹjọ náà sì ń sọ̀rọ̀ ní oṣù Kejìlá. Ní 2025, Notre Dame pàdánù lọ́wọ́ Miami 27 sí 24 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó pàdánù lọ́wọ́ Texas A&M 41 sí 40, lẹ́yìn náà ó borí gbogbo mẹ́wàá tó kù. Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, Notre Dame àti Miami, ẹgbẹ́ méjèèjì ti pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì. Ta ni wọ́n mú? Miami, nítorí wọ́n ti pàdé, Miami sì ti borí. Notre Dame jókòó sílé.

Àwọn wo ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti sunkún lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹsàn-án? Ẹ ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ́ 16, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kún ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ pàdánù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpàdánù mẹ́jọ ti wọ líìgì náà lọ́dọọdún, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Ẹgbẹ́ tó ń wá ìborí mẹ́fà láti lè wọ bowl, irú Kentucky, Arkansas tàbí Mississippi State, ìpàdánù kan yìí lè jẹ́ òun ló máa sọ mẹ́fà di márùn-ún, tí iṣẹ́ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Mo bá àwọn olólùfẹ́ wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n olólùfẹ́ Georgia? Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Fún àwa tí a ń gbé ní Atlanta

Georgia àti Florida ti ń pàdé ní Jacksonville láti 1933, àyàfi ọdún díẹ̀. Wọ́n ń tún pápá ìṣeré ibẹ̀ kọ́, nítorí náà Mercedes-Benz Stadium ní àárín ìlú wa níbí ni ti 2026 yóò ti wáyé, ti 2027 yóò sì lọ sí Tampa. Ẹ má rò pé nítorí ó jẹ́ Atlanta, Georgia ló ni ilé. Pápá tí kì í ṣe ti ẹnìkan ni wọ́n kà á sí, ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì sì ni ti Florida. Òrùlé rẹ̀ ṣeé pa dé, òjò àti atẹ́gùn kò ní dá sí i. Tí ẹ bá fẹ́ fún wọn ní nọ́ńbà, ẹ má ṣe fi àǹfààní ilé kún un ju àbọ̀ lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin MARTA lọ. Báàgì tí a lè rí inú rẹ̀ ni ẹ gbé, kó má ju íńṣì 12 ní gígùn, 6 ní ìbú, 12 ní gíga lọ, ìlànà kan náà ni fún Athens.

Ti Athens, ó tó máìlì 70 sí ibí. Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, pápá ìṣeré Sanford ń gba èèyàn 93,033, gbogbo wọn sì ń gba ọ̀nà kan náà. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún àlejò yín kí ẹ tó mọ aago. SEC ti ń kéde àkókò ní ìpín-ìpín kí sáà tó bẹ̀rẹ̀: àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín aago 12 sí 1 ọ̀sán, èkejì láàárín 3:30 sí 4:30, ẹ̀kẹta láàárín 6 sí 8 alẹ́. Ìpín kan tún wà tó lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí alẹ́, òun ló ń da ètò èèyàn rú jù. Aago gan-an sábà máa ń jáde ní ọjọ́ 12 ṣáájú, nígbà mìíràn ọjọ́ 6. Tó bá jẹ́ aago 12 ọ̀sán nínú oṣù Kẹsàn-án, ooru Georgia mú gan-an: ẹ gbé omi fún àwọn àgbà àti àwọn ọmọdé, ẹ sì jókòó síbi tí òjìji wà nígbà tí ẹ bá ń dáná níta. Tó bá jẹ́ aago 8 alẹ́, ẹ kò ní padà dé Atlanta kí aago méjì òru tó lù, nítorí náà ẹ yan ẹni tó máa wakọ̀ láti àárọ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ẹ fi ohun kan kún òpó mẹ́rin tí mo ní kí ẹ fà. Ẹ kọ ọjọ́ ìdánwò ọmọ náà sí i. Ìdánwò ìparí sáà ẹ̀kọ́ ń bọ́ sí oṣù Kejìlá, oṣù kan náà tí àṣekágbá SEC àti ìpele kìíní CFP wà. Ẹ bá agbaninímọ̀ràn ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹjọ, kí ọmọ náà lè mọ ìwé tó yẹ kó parí kí oṣù Kọkànlá tó wọ̀.

Àyè ti wà fún ìbéèrè báyìí. Mo rí ọwọ́ bàbá kan lẹ́yìn; ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.